Ìfẹ́ Tí Kò Mọ Ọ̀nà Jíjìn

Ọ̀pọ̀ ilé ló wà ní Challenge, nílùú Ìlọrin níbí, tí ọkọ ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, tí ìyàwó ń dá tọ́mọ. Rántí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti Susan, aya rẹ̀.

Inú ọkọ̀ ẹrú ni wọ́n ti gba àwọn méjèèjì sílẹ̀, tí wọ́n kó wọn lọ sí Sàró. Níbẹ̀ ni wọ́n ti di Kristẹni, wọ́n sì ṣe ìgbéyàwó ní nǹkan bí ọdún 1829.

Iṣẹ́ Olúwa yà wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà. Ní 1841, Àjàyí fi aya àtọmọ sílẹ̀ lọ sí Odò Ọya, ìrìn àjò tí ọ̀pọ̀ òyìnbó bá lọ. Ní 1857, ọkọ̀ tó wà nínú rẹ̀ fọ́ nítòsí Jẹ́bà, ní Kwara wa yìí. Síbẹ̀, ilé wọn kò tú. Dandeson ọmọ wọn di àlùfáà. Ikú Susan ní 1880 ló tó yà wọ́n, lẹ́yìn nǹkan bí 50 ọdún.

Ará, ọ̀nà jíjìn kọ́ ló ń tú ilé, ọkàn tó ti kúrò nílé ni. Bí o bá jìnnà, má ṣe jẹ́ kí ọkàn rẹ jìnnà. Kí Olúwa gbé ilé wa ró. Àmín.