Louis Essen: ẹni tó ṣe aago tí fóònù ń tẹ̀ lé

Ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, èrò tó ń dúró de bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ ojú irin kì í wo oòrùn mọ́. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò kó tó mọ iye aago tó lù. Sátẹ́láìtì ojú òfuurufú ló ń fún àwọn iléeṣẹ́ fóònù ní àkókò tó péye, aago átọ́ọ̀mù ló sì wà nínú sátẹ́láìtì. Òyìnbó kan, Olóògbé Louis Essen, ló ṣáájú nínú ṣíṣe irú aago bẹ́ẹ̀ tó ṣeé gbára lé.

Ìlú Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ kẹfà, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1908. Ó gboyè nínú ìmọ̀ físíìsì lọ́dún 1928. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó wọṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ní Teddington.

Yíyí tí ayé ń yí ni wọ́n fi ń díwọ̀n àkókò nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ayé kì í yí dọ́gba. Lọ́dún 1955, Essen àti Jack Parry lo átọ́ọ̀mù caesium, tí ìgbì rẹ̀ kì í yẹ̀: ìgbà 9,192,631,770 ló ń mì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lọ́dún 1967, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé iye yìí ni wọn yóò fi máa mọ ìṣẹ́jú àáyá.

Aago Essen kì í ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ńṣe ni wọ́n ń tàn án lóòrèkóòrè láti fi tún àwọn aago mìíràn ṣe. Kọ̀ǹpútà ló wá gba iṣẹ́ náà. Á sún ìgbì náà díẹ̀ sókè, á tún sún un díẹ̀ sísàlẹ̀, á sì ka iye átọ́ọ̀mù tó dáhùn níhà kọ̀ọ̀kan. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, á tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Kọ̀ǹpútà yìí, pẹ̀lú iná lésà tó ń mú kí átọ́ọ̀mù rọra rìn, ti sọ nǹkan di ọ̀tun. Aago Essen lè fi ìṣẹ́jú àáyá 1 ṣìnà láàárín 300 ọdún. Èyí tó dára jù lónìí kò lè ṣìnà tó bẹ́ẹ̀ láàárín mílíọ̀nù lọ́nà ọgọ́rùn-ún ọdún.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí Essen kò gbà. Ẹ̀kọ́ Einstein ni pé aago tó ń rìn kì í bá èyí tó dúró sójú kan dọ́gba. Essen ta kò ó, ó sì kọ ìwé lé e lórí lọ́dún 1971. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn ará Amẹ́ríkà gbé aago átọ́ọ̀mù sínú ọkọ̀ òfuurufú yí ayé ká, àbájáde rẹ̀ sì gbe Einstein. Essen fẹ̀yìn tì lọ́dún 1972, kò sì yí ohùn padà. Ó jáde láyé lọ́jọ́ kẹrinlélógún, oṣù kẹjọ, ọdún 1997.

Títí dòní, wọ́n gbọ́dọ̀ máa ṣírò ìyàtọ̀ tí Einstein sọ mọ́ aago sátẹ́láìtì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fóònù tó ń júwe ọ̀nà láti Òṣòdì sí Ìsọlọ̀ yóò ṣi èrò lọ́nà. Aago tí Essen ṣe ló dá a lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ náà. Aago kan náà ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ parun.