Elizabeth Cotten, Ọlọ́wọ́ Òsì Tí Ó Ta Gìtá

Àwa tí a ń múra láti di olùkọ́ yóò rí ẹ̀kọ́ púpọ̀ kọ́ nínú ìgbésí ayé obìnrin yìí, ẹni tí ó kọ́ ara rẹ̀ ní gìtá, tí àwọn olùkọ́ gìtá sì wá ń fi ọ̀nà rẹ̀ kọ́ni. Ọdún 1893 ni a bí i, ní ẹ̀bá Chapel Hill, ní North Carolina ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nevills ni orúkọ ìdílé rẹ̀, ènìyàn dúdú sì ni wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní báńjò kan. Bí ẹ̀gbọ́n bá ti jáde, Elizabeth a gbé e, a sì máa ta á. Ọlọ́wọ́ òsì ni, bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni a to okùn náà fún. Nítorí náà ńṣe ni ó dojú rẹ̀ dé. Kò pẹ́ tí ó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀, ó sì tọ́jú owó iṣẹ́ rẹ̀ títí ó fi ra gìtá kan ní dọ́là 3.75. Nígbà tí ó tó nǹkan bí ọmọ ọdún 12, ó ṣe orin kan nípa ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù. Orin náà ni ó sọ ọ́ di olókìkí lẹ́yìn ọ̀la.

Nínú àwọn orin tí ó ń ta ni Vastopol wà. Sevastopol, ìlú tí ogun dótì ní Crimea ní 1854 sí 1855, ni orúkọ náà ti wá. Henry Worrall ni ó fi í sọ orin gìtá kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dẹ mẹ́rin nínú okùn mẹ́fà gìtá, títí wọn yóò fi dún báyìí láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: dó, só, dó, mí, só, dó. Nígbà náà, bí a bá fi ọwọ́ gbá gbogbo okùn láì tẹ ọ̀kankan, wọn a fi ohùn ṣọ̀kan. Àwọn ẹlòmíràn a máa fi àtàǹpàkò ta ohùn ìsàlẹ̀, wọn a sì fi ìka gbé orin. Ti Elizabeth yàtọ̀, ìka rẹ̀ ni ó ń ta ti ìsàlẹ̀, àtàǹpàkò ni ó ń gbé orin. Ọ̀nà yòówù tí a bá gbà, ohùn ìsàlẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ kọ́, kí ó máa lọ déédé bí ẹsẹ̀ arìnrìn-àjò, kí a tó fi orin lé e.

Ní 1910 ó fẹ́ Frank Cotten. Lẹ́yìn èyí, àwọn díákónì ìjọ rẹ̀ kìlọ̀ fún un pé kí ó jáwọ́ nínú orin ayé. Ó gbọ́, ó sì gbé gìtá tì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ó yá, ó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Washington, ó rí ọmọ kan tí ó sọnù, ó sì mú un padà fún ìyá rẹ̀. Ruth Crawford Seeger, ẹni tí ń kọ orin, ni ìyá ọmọ náà. Ó gba Elizabeth sí iṣẹ́ ilé. Gìtá kan wà ní ara ògiri ilé náà. Elizabeth mú un, ọwọ́ rẹ̀ sì rántí. Mike, ọmọ ilé náà, gba orin rẹ̀ sí inú àwo, èyí tí ó jáde ní 1958, nígbà tí ìyá yìí di ẹni ọdún 65.

Kí ó tó di ìgbà náà, àwọn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi orúkọ ara wọn sí orin ọkọ̀ ojú irin náà. A jà fún un, orúkọ rẹ̀ sì padà sí ara iṣẹ́ rẹ̀. Ó ra ilé sí Syracuse. Ó gba ẹ̀bùn Grammy ní 1985. Ó sì kú ní 29 Okúdù 1987, ní ẹni ọdún 94.

Ní ilẹ̀ wa, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, àṣà rere sì ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá fi ọwọ́ òsì mú kálámù ní iwájú wa, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó kọ, kí a tó na ọwọ́ mú pàṣán.