H. G. Wells: Òǹkọ̀wé tó ń fi ṣọ́jà òjé jagun nínú ilé rẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹni tó gbúròó ogun kó tó dé, tó sì pariwo rẹ̀ sáyé, a kò lè ṣe kí a má dárúkọ Herbert George Wells, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí gbogbo ayé mọ̀ sí H. G. Wells. Àwọn àgbà tó ka ìwé òyìnbó nílé ẹ̀kọ́ yóò rántí ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1895, nípa ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sí ìgbà tí kò tíì dé, àti ti ọdún 1898, nípa àwọn ẹ̀dá abàmì tó ti inú Mars wá gbógun ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ọkùnrin yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ọmọlangidi kéékèèké jagun lórí tábìlì lónìí ń pè ní bàbá eré wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣàlàyé eré náà. Ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti láwọn ibòmíràn, ẹ máa rí àgbàlagbà tó níṣẹ́ lọ́wọ́, tó sì ti bímọ, tí òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó yí tábìlì ká. Wọ́n á to ògiri, ilẹ̀kùn, àtẹ̀gùn àti ilẹ̀ olókùúta, gbogbo rẹ̀ kéékèèké, tí wọ́n fi ike ṣe, pọ̀ títí yóò fi di àjà ilẹ̀ tó ṣókùnkùn, irú èyí tí àwọn ọba òyìnbó ń ju ẹlẹ́wọ̀n sí láyé àtijọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ohun èlò yìí ló dá dúró. Bí eré òní bá parí, wọ́n á tú u ká, bó bá di ọjọ́ mìíràn, wọ́n á tún un tò lọ́nà mìíràn. Inú rẹ̀ ni wọ́n á gbé jagunjagun, oṣó àti ẹranko abàmì tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ sí, wọ́n á sì máa ju dáìsì bíi ti lúdò láti mọ ẹni tó borí. Owó tí wọ́n ń ná lé e lórí kì í ṣe kékeré. Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín o, ayò ọlọ́pọ́n náà, ṣebí àgbà ló ń ta á.

Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 1866 ni wọ́n bí Wells ní ìlú Bromley ní Kent. Ilé olówó kọ́ ni wọ́n bí i sí. Joseph, bàbá rẹ̀, ń ta àwo tánganran àti igi krikẹ́ẹ̀tì nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí ọjà kì í tà níbẹ̀, owó tó ń rí nídìí gbígbá krikẹ́ẹ̀tì ló sì ń bá a gbọ́ bùkátà. Sarah, ìyá rẹ̀, ti ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nílé àwọn ọlọ́lá. Lọ́dún 1874, ẹsẹ̀ ọmọ náà kán. Orí ìbùsùn tó dùbúlẹ̀ sí ni wọ́n ti ń bá a yá ìwé wá, ibẹ̀ sì ni ìwé ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, egungun itan bàbá rẹ̀ náà kán, owó krikẹ́ẹ̀tì sì dópin. Ìyá rẹ̀ padà lọ ṣiṣẹ́ nílé olówó tó wà ní Uppark, wọ́n sì fi Wells sẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta aṣọ.

Iṣẹ́ aṣọ títà yìí ló fojú Wells rí màbo. Ní Southsea, láti ọdún 1881 sí 1883, nǹkan bíi wákàtí mẹ́tàlá ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lójúmọ́, yàrá kan náà ni gbogbo ọmọ ìkọ́ṣẹ́ sì ń sùn sí. Ó bẹ ìyá rẹ̀ títí tí ó fi gbà kí ó kúrò níbẹ̀. Ó di olùkọ́ kékeré ní Midhurst, ó sì gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ́dún 1884 láti kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní London, níbi tí gbajúgbajà onímọ̀ nnì, Thomas Huxley, ti kọ́ ọ. Ọdún 1890 ló tó gboyè.

Ní ti ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣe é fi kọ́ ọmọ. Ó fẹ́ Isabel, ọmọ ìyekan rẹ̀, lọ́dún 1891, ó fi í sílẹ̀, ó sì fẹ́ Amy Catherine, tó ń pè ní Jane, lọ́dún 1895. Obìnrin mìíràn tún pọ̀ nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Jane bí ọmọkùnrin méjì fún un, George Philip lọ́dún 1901 àti Frank lọ́dún 1903. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ló mú un dọ́bálẹ̀ sórí ilẹ̀ ilé.

Bàbá àtàwọn ọmọ á tẹ́ pákó sílẹ̀, pákó yìí á di erékùṣù, ilẹ̀ yàrá á di òkun. Wọ́n á fi búlọ́ọ̀kù onígi kọ́lé, wọ́n á sì to ṣọ́jà òjé sórí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Britain ní London ti mọ bí a ṣe ń rọ ṣọ́jà òjé tí inú rẹ̀ ṣófo láti ọdún 1893, èyí tó jẹ́ kí owó rẹ̀ wálẹ̀. Lọ́dún 1911, Wells kọ ìwé lórí eré náà, ó pè é ní Floor Games. Ó sọ níbẹ̀ bí àwọn ọkọ̀ wọn ṣe ń gúnlẹ̀ sí erékùṣù, bí wọ́n ṣe ń ri àsíá bébà mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń tẹ àwọn ará ibẹ̀ lórí ba. Ó jọ pé ẹ̀fẹ̀ ló fi ń ṣe. Ẹni tó bá mọ bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe gba Èkó lọ́dún 1861, tó sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú lọ́dún 1892, yóò mọ̀ pé eré náà kò jìnnà sí ohun tí àwọn baba wa fojú rí.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan gbé àgbá kékeré tó ń fi sípíríngì yin ẹ̀ṣẹ́ igi jáde, ó fojú sun ṣọ́jà òjé kan, ó sì yìn ín lulẹ̀. Bí ìjà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ìwé ńláńlá ni wọ́n kọ́kọ́ tò sílẹ̀ ṣe òkè. Nígbà tó yá, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù àti páálí ṣe ilé, wọ́n fi ẹ̀ka igi ṣe igbó, wọ́n sì fi ṣọ́ọ̀kì fa odò sílẹ̀. Wells ṣòfin fún un nínú Little Wars tó jáde lọ́dún 1913. Ṣọ́jà tó ń fẹsẹ̀ rìn lè lọ ẹsẹ̀ bàtà kan lẹ́ẹ̀kan, ẹlẹ́ṣin lè lọ méjì, okùn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Àgbá kò lè yìn bí kò bá sí ó kéré tán ọmọ ogun mẹ́rin nítòsí rẹ̀. Òfin kan wà níbẹ̀ tó dùn mọ́ mi púpọ̀: ẹnì kan ni yóò to ilẹ̀ ogun náà, ẹnì kejì ni yóò sì mú apá tó wù ú. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan gé iṣu, tí ẹnì kejì kọ́kọ́ mú.

Òótọ́ ni pé kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀. Lọ́dún 1812, ará Prussia kan tó ń jẹ́ Reisswitz gbé tábìlì kan fún ọba rẹ̀, orí rẹ̀ ni ègé òkè, odò àti ìlú wà, tí wọ́n fi ẹfun ìmọlé ṣe, tí a sì lè tò bó bá ṣe wuni. Ṣùgbọ́n ọ̀gágun ni ìyẹn wà fún. Wells ló sọ ọ́ di eré ẹnikẹ́ni tó bá ní ọmọ àti ilẹ̀ yàrá.

Ó ní ohun tó ń bá eré náà wá. Níparí ìwé náà, ó kọ ọ́ pé ẹni tó bá ta eré yìí bí ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin yóò mọ̀ pé ìwà òmùgọ̀ ni ogun ńlá. Ó ní àwọn sójà gidi tó bá òun ta á kì í pẹ́ ṣìnà. Ó fẹ́ kí àwọn ọba àti olóṣèlú tó ń wá ìjà gba ọmọlangidi òjé, kí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.

Wọn ò gbọ́. Oṣù Keje ọdún 1914 ni ogun bẹ́ sílẹ̀, àràádọ́ta ọ̀kẹ́ èèyàn ló bá a lọ. Wọ́n kó àwọn ọmọ ilẹ̀ wa náà lọ jà ní Kamẹrúùnù àti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Wells fúnra rẹ̀ wá gbè sẹ́yìn ogun náà, ó kọ ọ́ káàkiri pé òun ni yóò fòpin sí ogun láyé. Níbí, èmi kò gbè é. Ọdún yẹn kan náà ni ìwé rẹ̀ tó ti sọ nípa àdó olóró átọ́míìkì jáde, ó sì wà láyé nígbà tí wọ́n ju irú rẹ̀ lu Hiroshima lọ́dún 1945. Hitler àtàwọn èèyàn rẹ̀ dáná sun ìwé rẹ̀ lọ́dún 1933, orúkọ rẹ̀ sì wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ mú bí wọ́n bá gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àtọ̀gbẹ bá a jà, òun àti dókítà rẹ̀ sì wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn alátọ̀gbẹ sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1934. Dókítà mìíràn, Margaret Lowenfeld, tó ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ọkàn wọn kò balẹ̀ ní London, rántí Floor Games tó ti kà. Ó gbé àpótí oníyanrìn àti ohun ìṣeré kalẹ̀ fún wọn. Ọmọ tí kò lè sọ ohun tó ń dùn ún á tò ó sínú yanrìn. Wọ́n ṣì ń lo ọ̀nà yìí títí dòní.

Wells kú sí London lọ́jọ́ kẹtàlá oṣù Kẹjọ ọdún 1946, lẹ́ni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Wọ́n sun òkú rẹ̀, wọ́n sì da eérú rẹ̀ sójú òkun. Ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1974, Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde, èyí tó gbé ogun ọmọlangidi wọ inú àjà ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún Little Wars tẹ̀ lọ́dún 2004, Gygax yìí ló kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, ọdún mẹ́rin kí òun náà tó kú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017, ẹnikẹ́ni nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló lè tẹ àwọn ìwé Wells tó jáde nígbà ayé rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.