Ta ni Reginald Denny, òṣèré sinimá tó sọ bàálù ìṣeré di dírónù ológun?

Láti Maiduguri dé Bamako, kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ nípa dírónù. Àwọn ológun ń lò ó, àwọn agbésùnmọ̀mí náà ti ń lò ó, àwọn oníkámẹ́rà tó ń ya fídíò ìgbéyàwó kò sì gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é lọ́pọ̀ yanturu fún iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà kì í ṣe ọ̀gágun, kì í sì í ṣe ẹnjiníà. Òṣèré apanilẹ́rìn-ín ni, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bàálù ìṣeré ló sì ti bẹ̀rẹ̀.

Reginald Denny lorúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i lọ́jọ́ 20, oṣù Kọkànlá, ọdún 1891 ní Richmond, lẹ́bàá London. Reginald Leigh Dugmore gan-an ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Denny ni orúkọ tí bàbá rẹ̀, tóun náà jẹ́ òṣèré àti akọrin orí ìtàgé, ń jẹ́ nídìí iṣẹ́. Láti kékeré lòun náà ti gun orí ìtàgé, nígbà tó sì di ọdún 1911, ó bá àwọn òṣèré lọ sí Amẹ́ríkà.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó wọṣẹ́ Royal Flying Corps, ìyẹn ẹ̀ka tó ń fi bàálù jagun fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ bàálù ti wọ̀ ọ́ lára. Ibẹ̀ náà ló ti di ògbóǹtarìgì nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, èyí sì wúlò fún un nígbà tó padà sí Amẹ́ríkà, torí pé ipa akànṣẹ́ tó kó nínú The Leather Pushers lọ́dún 1922 ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀.

Sinimá ìgbà náà kò lóhùn. Àwọn òǹwòran ń rí Denny gẹ́gẹ́ bí ọmọ Amẹ́ríkà tó múra dáadáa tó ń kó sínú wàhálà, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí sinimá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lópin ọdún 1920 sí i, wọ́n wá gbọ́ pé ahọ́n òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ. Iṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ o, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ọ̀gá nínú fíìmù mọ́. Ipa ọ̀rẹ́ ọ̀gá, tàbí ti ọmọlúwàbí ará London, ni wọ́n ń fún un.

Báwo ni bàálù ìṣeré ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà?

Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé ọmọkùnrin aládùúgbò kan ló ń fò bàálù ìṣeré rẹ̀ nígbà tí Denny ní kí òun bá a tún un ṣe díẹ̀. Bàálù náà já, ó fọ́ sí wẹ́wẹ́. Denny bá bẹ̀rẹ̀ sí í to òmíràn láti fi san án fún ọmọ náà, kò sì lè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ mọ́. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí gẹ́lẹ́ ni o, bóyá wọ́n ti bù iyọ̀ sí i, ohun tó dájú ni pé láàárín ọdún 1930 sí 1939, Denny ní ṣọ́ọ̀bù bàálù ìṣeré ní òpópónà Hollywood Boulevard, ní Los Angeles.

Lọ́dún 1938, ó ra àwòrán iṣẹ́ kan lọ́wọ́ Walter Righter, ẹni tó mọ̀ nípa ẹ́ńjìnì kéékèèké, ó sì ń tà á fáwọn èèyàn pẹ̀lú orúkọ Dennyplane. Ẹ́ńjìnì tó ń gbé e fò, Dennymite ni wọ́n pè é.

Lásìkò yẹn, ẹni tó bá ra bàálù ìṣeré kì í rà á ní títò. Igi tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ àti ìwé ńlá tí wọ́n ya àwòrán bàálù sí ló máa bá nínú páálí. Yóò tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, yóò fi píìnì mú àwọn igi náà dúró lórí àwòrán, yóò sì fi gúlù lẹ̀ wọ́n mọ́ra. Igi balsa tí wọ́n sábà máa ń lò fúyẹ́ débi pé ọ̀bẹ kékeré ń gé e. Tí egungun apá àti ti ara bá ti gbẹ, wọ́n á fi bébà fẹ́lẹ́ tàbí aṣọ sílíkì bò ó, wọ́n á wá kun oje kan lé e tó máa mú kí aṣọ náà le dáadáa bí awọ ìlù.

Ibi tí iṣẹ́ ti le jù ni ìwọ̀n. Tí imú bàálù bá wúwo jù, á forí sọlẹ̀. Tó bá jẹ́ ìrù ló wúwo jù, imú á máa gbé sókè títí afẹ́fẹ́ kò fi ní lè gbé apá náà dúró mọ́, á sì já. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe fi máa ń fi ìka méjì gbé e lábẹ́ apá láti wò ó bóyá ó dúró gbọọrọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jù ú lórí pápá láìtan ẹ́ńjìnì rẹ̀, kí wọ́n lè rí bó ṣe ń balẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà tí gúlù àti ìwọ̀n kò lè yanjú. Tí ẹ́ńjìnì bá ti tan tí bàálù sì kúrò lọ́wọ́, ẹni tó ni ín kò láṣẹ lórí rẹ̀ mọ́. Ibi tí atẹ́gùn bá gbé e lọ ló ń lọ títí epo yóò fi tán. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lè sọnù láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Rédíò ló lè dá a padà, bẹ́ẹ̀ rédíò ìgbà náà kì í ṣe kékeré: gílóòbù onígíláàsì ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, bátìrì rẹ̀ sì wúwo. Bàálù tó máa gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ní láti tóbi ju ti ọmọdé lọ.

Kí ni ológun fẹ́ fi ṣe?

Ní àwọn ọdún yẹn, tí ọmọ ogun bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìbọn já bàálù ọ̀tá, aṣọ gígùn kan tí wọ́n so mọ́ ìdí bàálù gidi ló máa ń yìnbọn sí. Awakọ̀ wà nínú bàálù tó ń fa aṣọ náà, torí náà àṣìṣe ìka kan lè di ọ̀fọ̀. Aṣọ náà kì í ṣẹ́ kọ́nà, kì í sì í já wálẹ̀ lójijì bíi bàálù ogun.

Denny kọ́ ló kọ́kọ́ ronú kan bàálù tí kò ní awakọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo Queen Bee, tí wọ́n ń fi rédíò darí, láti ọdún 1935, ṣùgbọ́n bàálù ńlá ni ìyẹn. Ohun tó jẹ́ ti Denny ni pé ó rí i pé kò pọn dandan kí nǹkan náà tóbi. Lójú ẹni tó ń yìnbọn, bàálù kékeré tó wà nítòsí kò yàtọ̀ sí bàálù ńlá tó jìnnà. Tí ọta bá sì bà á, owó díẹ̀ ló lọ, ẹnikẹ́ni kò kú.

Lọ́dún 1935 kan náà, ó gbé àkọ́kọ́ irú rẹ̀, RP-1, lọ fi han àwọn ológun Amẹ́ríkà. Kò tíì tó ohun tí wọ́n lè rà. Òun, Righter àti Kenneth Case, tó mọ̀ nípa rédíò, padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ṣe RP-2, wọ́n ṣe RP-3, wọ́n ṣe RP-4. Ní gbogbo àsìkò yìí, Denny kò fi sinimá sílẹ̀. Òun ló ń ṣe Algy, ọ̀rẹ́ Bulldog Drummond, nínú ọ̀pọ̀ fíìmù láàárín ọdún 1937 sí 1939. Ọdún 1940 tí fíìmù Rebecca tóun náà kópa nínú rẹ̀ jáde ni ológun wá sọ pé kí wọ́n ṣe RP-4 mẹ́tàléláàádọ́ta wá. Radioplane ni wọ́n pe iléeṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn tí Japan kọlu Pearl Harbor lóṣù Kejìlá ọdún 1941, kò sẹ́ni tó tún ń béèrè bóyá bàálù náà wúlò. Èyí tí wọ́n pè ní OQ-2 wúwo tó nǹkan bíi kílò 47, apá rẹ̀ gùn ní mítà 3.7 láti ìkángun kan dé ìkejì, ó sì lè sáré tó kìlómítà 137 ní wákàtí kan. Nǹkan bíi kànnàkànnà ńlá ni wọ́n fi ń ta á sókè. Ọmọ ogun kan á dúró nílẹ̀ pẹ̀lú àpótí tó ní ọ̀pá ìdarí. Ibi tó bá tẹ ọ̀pá náà sí ni àmì rédíò máa sọ fún ìrù bàálù. Ojú lásán ló fi ń wò ó, ìyẹn sì gba ìkẹ́kọ̀ọ́, torí pé nígbà tí bàálù bá kọrí síbi tó dúró sí, ọ̀tún bàálù ti di òsì ẹni tó ń darí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ bàálù ló ti fọ́ lórí ìdàrúdàpọ̀ yìí, ti ológun àti ti ọmọdé.

Tí ìbọn kò bá bà á, páráṣúùtì á ṣí, á sì rọra gbé e wálẹ̀ kí wọ́n lè tún un lò. Ẹni tó bá ti rí dírónù Zipline tó ń gbé oògùn lọ sáwọn ilé ìwòsàn ní Ghana á mọ ìran náà: wọ́n ń ta á sókè, páráṣúùtì kékeré sì ni wọ́n fi ń sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.

Kí ogun tó parí, Radioplane ti ṣe bàálù tó súnmọ́ 15,000, tí a bá ka OQ-2 pọ̀ mọ́ OQ-3 àti OQ-14 tó tẹ̀lé e. Kò sí èyí tó ju bọ́ǹbù nínú wọn. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa yìnbọn sí wọn.

Ọmọbìnrin inú iléeṣẹ́ náà

Lára àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Radioplane ni ìyàwó ilé kan tí ọkọ rẹ̀ wà lójú omi, Norma Jeane Dougherty. Ó ń yẹ páráṣúùtì wò, ó sì ń fín oje sára aṣọ bàálù. Ibẹ̀ ni David Conover, ọmọ ogun tó ń ya fọ́tò, ti rí i nígbà tí ogun ń lọ sópin. Fọ́tò tó yà á ló ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ módẹ́lì fún un, kò sì pẹ́ tó fi di Marilyn Monroe. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ iléeṣẹ́ Denny nítorí tirẹ̀ ju nítorí dírónù lọ.

Lọ́dún 1952, iléeṣẹ́ Northrop ra Radioplane. Òun ló padà di Northrop Grumman tó ṣe dírónù Global Hawk.

Denny ní tirẹ̀ ṣì ń ṣe sinimá. Ó wà nínú Cat Ballou lọ́dún 1965, ó sì wà nínú Batman lọ́dún 1966, níbi tó ti ṣe ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tí àwọn ọ̀daràn jí gbé tí kò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n jí òun gbé. Ìyẹn ni fíìmù rẹ̀ tó kẹ́yìn. Lọ́jọ́ 16, oṣù Kẹfà, ọdún 1967, ó kú ní Richmond, ìlú tí wọ́n bí i sí, níbi tó ti wá ṣe àbẹ̀wò. Ẹni ọdún 75 ni. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà lọ sin sí Los Angeles.