Wòlíì Harris àti Ọ̀pá Àgbélébùú Rẹ̀

Ní oṣù kẹta ọdún 1920, àwọn ọ̀mọ̀wé àti agbẹjọ́rò láti ilẹ̀ mẹ́rin tí ó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà péjọ sí ìlú Accra. Àwọn kan wá láti Nàìjíríà, àwọn kan láti Sierra Leone, àwọn mìíràn láti Gambia. Àwọn ará Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà nísinsìnyí, ni ó sì gbà wọ́n ní àlejò. Ìpàdé náà ni ó bí ẹgbẹ́ National Congress of British West Africa, tí ó béèrè pé kí àwọn ọmọ ilẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti yan àwọn tí yóò máa ṣe òfin fún wọn. Ẹni tí ó ṣe aáyan jù lọ lórí ọ̀ràn náà ni J. E. Casely Hayford, agbẹjọ́rò àti òǹkọ̀wé. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ń ka ojú ìwé wa yìí a máa kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ rẹ̀. Ohun tí a kì í sábà sọ fún wọn ni pé ní ọdún mẹ́fà ṣáájú ìpàdé Accra, ọ̀mọ̀wé yìí lọ tẹ́tí sí ọkùnrin kan tí kò wọ bàtà, tí ó di ọ̀pá àgbélébùú mú, ní ìlú Axim létí òkun; àti pé ní 1915 ó kọ ìwé kékeré kan nípa rẹ̀. Ìtàn ọkùnrin náà ni a fẹ́ sọ lónìí.

Orúkọ rẹ̀ ni William Wadé Harris. Ní nǹkan bí ọdún 1860 ni a bí i ní abúlé kan lẹ́bàá Cape Palmas ní ilẹ̀ Làìbéríà, láàárín ẹ̀yà Grebo. Arákùnrin ìyá rẹ̀ kan, tí ó jẹ́ àlùfáà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ni ó gbà á tọ́, tí ó sì jẹ́ kí ó mọ ìwé. Nígbà tí ó dàgbà, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ojú òkun. Àwọn àgbà Èkó mọ irú òṣìṣẹ́ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dáradára. Kúrúù ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọkọ̀ gbé Harris dé Èkó, ó sì gbé e dé Gabon. Ó ṣe olórí òṣìṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà ní agbègbè Axim, ó ṣe iṣẹ́ bíríkìlà, ó gbéyàwó, ó sì bí ọmọ mẹ́fà. Ní 1892 ó di olùkọ́ ilé ìwé àti olùkọ́ni ìjọ lábẹ́ ìjọ Episcopal. Nígbà tí ó ṣe, ìjọba fi í ṣe ògbifọ̀. Ẹ mọ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò yín: ẹni tí bàtà rẹ̀ ń dán, tí àwọn ará abúlé ń tọ̀ wá pé kí ó bá àwọn ka lẹ́tà.

Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ìyà ń jẹ àwọn Grebo lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe ìjọba Làìbéríà, àwọn tí a kó baba wọn lẹ́rú lọ sí Amẹ́ríkà rí, tí wọ́n padà wá sí etí òkun Áfíríkà wá di ọ̀gá lórí àwọn onílẹ̀. Harris gbà pé bí ilẹ̀ àwọn bá bọ́ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ara yóò tu àwọn. Ní oṣù kejì ọdún 1909, ó fa àsíá Làìbéríà wálẹ̀, ó sì ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè dípò rẹ̀. Wọ́n mú un, wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn án, ó sì jẹ̀bi. Àwọn tí ó ta àsíá wọn kò wá gbà á sílẹ̀. Kí a má ṣe yára fi í ṣe ẹlẹ́yà. Mélòó nínú àwọn baba tiwa ni kò gbà nígbà kan rí pé àsíá àjèjì ni yóò gba àwọn lọ́wọ́ ọ̀tá ìtòsí?

Inú ẹ̀wọ̀n ni ó wà ní 1910 nígbà tí ó rí ìran. Gẹ́gẹ́ bí òun tìkára rẹ̀ ti ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn náà, áńgẹ́lì Gábríẹ́lì ni ó wá bá a, tí ó ní kí ó bọ́ bàtà àti aṣọ òyìnbó sílẹ̀, kí ó sì jáde lọ wàásù bí wòlíì. Ìyàwó rẹ̀, Rose, rò pé orí ọkọ òun ti dàrú. Ọdún náà gan-an ni obìnrin náà kú, àwọn ènìyàn sì sọ pé ìbànújẹ́ ni ó pa á.

Ní ọjọ́ 27 oṣù keje ọdún 1913, Harris rékọjá odò Cavally wọ Ivory Coast tí ó wà lábẹ́ Faransé. Àwọn obìnrin tí ń kọrin wà pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ni Helen Valentine. Aṣọ funfun ni ó wọ̀, ó wé láwàní funfun, ọ̀já dúdú méjì sì dábùú ara wọn ní àyà rẹ̀. Ẹrù rẹ̀ kò ju Bíbélì kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan, igbá omi kan, àti ọ̀pá kan tí a so igi kékeré dábùú orí rẹ̀ kí ó lè di àgbélébùú. Kò sí wúrà lára rẹ̀, kò sí fàdákà. Ẹni tí ó bá ní àdá àti okùn lè ṣe irú rẹ̀ kí oúnjẹ tó jiná.

Bí Yorùbá bá rí ọ̀pá lọ́wọ́ ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ẹ̀mí, ohun tí yóò kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé kí ni wọ́n fi sí i. Ọ̀pá ọ̀sùn babaláwo kò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀. Oṣé Ṣàngó kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará etí òkun rò. A kò ní tan ara wa: ọ̀pọ̀ nínú wọn wá nítorí wọ́n gbà pé oògùn tí ó ju gbogbo oògùn lọ ni ó dé. Harris kò lé wọn padà. Ó ní kí wọ́n kó àwọn ère àti òǹdè wọn jáde, kí wọ́n sun wọ́n. Lẹ́yìn èyí, ẹni tí ó fẹ́ ṣe ìrìbọmi yóò kúnlẹ̀, yóò di ọ̀pá àgbélébùú náà mú, wòlíì yóò da omi sí i lórí, yóò sì gbé Bíbélì lé e ní orí. Ẹni tí ó lọ́wọ́ òfo nìkan ni ó lè di ọ̀pá náà mú. Níbí yìí ni a rò pé ìtumọ̀ àmì náà wà lójú Harris, kì í ṣe nínú agbára kan tí ó sá pamọ́ sínú igi.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí àgbélébùú jẹ́ kí ó tó di ohun ọ̀ṣọ́ lórí ilé ìjọsìn àti ní ọrùn obìnrin. Igi ìpànìyàn àwọn ará Róòmù ni. Àwọn ẹrú ni wọ́n ń kàn mọ́ ọn, àti àwọn tí ó bá ṣọ̀tẹ̀ sí ìjọba. Ẹ̀sùn tí a kọ sókè orí Jésù ni pé ó pe ara rẹ̀ ní ọba. Onígbàgbọ́ gbà pé níbi tí ìjọba ayé ti rò pé òun ti ṣe tán pẹ̀lú rẹ̀, níbẹ̀ gan-an ni Ọlọ́run ti ṣẹ́gun. Ẹlẹ́wọ̀n tí a dá lẹ́bi ọ̀tẹ̀ ni Harris pẹ̀lú. Ọwọ́ tí ó ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè ní 1909 ni ó gbé àgbélébùú sókè ní 1913, kò sì sí ìlú òkèèrè kankan tí ó ni igi kejì yìí.

Àwọn àlùfáà Kátólíìkì ti wà ní Ivory Coast láti 1895, àwọn tí ó sì gbà wọ́n gbọ́ kò pọ̀. Láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́tàdínlógún, àwọn òpìtàn ṣírò pé àwọn tí Harris rì bọ omi tó 100,000, bóyá wọ́n tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò gba owó lọ́wọ́ wọn. Kò lé ìyàwó ẹnikẹ́ni jáde nítorí pé wọ́n ju ọ̀kan lọ, ọ̀ràn tí ó bí ọ̀pọ̀ òyìnbó nínú. Ó ní kí ìlú kọ̀ọ̀kan kọ́ ilé àdúrà, kí wọ́n yan àpọ́sítélì méjìlá láti máa bójú tó o, kí wọ́n sì máa retí àwọn tí yóò wá túmọ̀ Ìwé náà fún wọn. Ní 1914 ó rékọjá sí Gold Coast, ó sì wàásù láàárín àwọn Nzema àti ní Axim fún ìwọ̀nba oṣù. Ibẹ̀ ni Casely Hayford ti bá a pàdé, tí ó sì rí ọmọ Áfíríkà kan tí ń yí ìlú padà láìsí owó oṣù ìjọ òyìnbó.

Nígbà tí ó padà sí Ivory Coast, ogun ti bẹ́ sílẹ̀ ní Yúróòpù, ẹ̀rù sì ń ba àwọn Faransé pé ẹni tí ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn ń gbọ́ràn sí lẹ́nu lè di ewu. Ní òpin ọdún náà wọ́n mú òun àti àwọn obìnrin rẹ̀, wọ́n sì lù wọ́n. Helen Valentine kú kò pẹ́ lẹ́yìn lílù náà. A kì í sábà ka orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí ó jìyà nítorí ìgbàgbọ́ ní ilẹ̀ wa. Ó yẹ kí a máa kà á. Wọ́n lé Harris padà sí Làìbéríà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1915, wọ́n sì dáná sun ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé àdúrà náà. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni ó gbìyànjú láti tún odò Cavally kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni wọ́n dá a padà.

Àwọn tí ó fi sílẹ̀ kò tú ká. Ní 1924, òjíṣẹ́ Mẹ́tọ́díìsì kan, William Platt, bá ìjọ lẹ́yìn ìjọ tí ń dúró de olùkọ́ láti ọdún mẹ́wàá. Ní Gold Coast, Grace Tani àti John Nackabah bẹ̀rẹ̀ ìjọ tí a ń pè ní Church of the Twelve Apostles. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wòlíì àti omi ni àwọn wọ̀nyí dì mú jù lọ, tí wọ́n fi ń wo aláìsàn; C. G. Baëta, olùkọ́ àgbà ní Yunifásítì tí ó wà ní Legon lẹ́bàá Accra, kọ nípa wọn nínú ìwé rẹ̀ ní 1962. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì di Bíbélì mú. Ó dà bí ẹni pé wọ́n pín ẹrù ọkùnrin kan láàárín ara wọn bí ogún.

Ní 1926, Pierre Benoit tọ Harris lọ ní Cape Palmas, ó sì ya fọ́tò rẹ̀. Arúgbó ni nígbà náà, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, àgbélébùú ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1928, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Ivory Coast, John Ahui, wá béèrè ohun tí àwọn yóò ṣe. Harris gbé ọ̀pá náà lé e lọ́wọ́. Ó kú nínú àìní ní oṣù kẹrin ọdún 1929. Casely Hayford kú ní Accra ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ahui gbé ọ̀pá náà kọjá odò tí wọn kò jẹ́ kí ẹni tí ó ni ín tún kọjá mọ́.