Francis Glisson

Francis Glisson (1597 – 14 Oṣù Kẹwàá 1677) jẹ́ oníṣègùn àti onímọ̀ ẹ̀yà ara, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀dọ̀, Anatomia Hepatis, tí ó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1654, ni ó ṣàlàyé bí iṣan ẹnubodè ẹ̀dọ̀ ṣe pín ẹ̀ka káàkiri inú ẹ̀yà ara náà, àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba ibẹ̀ kọjá. Awọ tí ó bo ẹ̀dọ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Ìgbésí ayé

Glisson kẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́jì Gonville and Caius ní Yunifásítì Cambridge, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ìṣègùn ní ọdún 1634. Ní ọdún 1636 ni wọ́n fi í sórí àga ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn tí ọba dá sílẹ̀ níbẹ̀, kò sì kúrò lórí rẹ̀ títí ó fi kú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibòmíràn ni ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ìlú Colchester ni ó ti ń tọ́jú aláìsàn nígbà tí ogun abẹ́lé dé, ó sì wà nínú ìlú náà nígbà tí àwọn ọmọ ogun ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin sàga tì í ní ọdún 1648. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn jà níbẹ̀ ní 1665, tí ọ̀pọ̀ oníṣègùn sá lọ, Glisson kò sá. Òun ni ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ìlú náà láti 1667 sí 1669.

Iṣan ẹnubodè àti orúkọ rẹ̀

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wo alápatà ní Agbamu tàbí ní Ọ̀mù-Àrán bí ó ti ń yí ẹ̀dọ̀ màlúù dà láti yọ òróòro yóò ti rí kòtò kan ní abẹ́ rẹ̀, níbi tí àwọn iṣan kan so pọ̀ bí ìdì tí wọ́n sì wọlé. Kòtò yìí ni àwọn Gíríìkì àtijọ́ pè ní ẹnubodè. Àwọn tí ń kọ èdè Látìn túmọ̀ rẹ̀ sí porta, wọ́n sì pe iṣan tí ó tóbi jù níbẹ̀ ní vena portae, èyí ni iṣan ti ẹnubodè. Àwọn kan máa ń rò pé ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí rírù ni orúkọ náà ti wá, nítorí pé iṣan náà ń ru oúnjẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Orúkọ náà bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Iṣan tí ó ti inú ìfun wá àti èyí tí ó ti inú ọlọ inú wá pàdé lẹ́yìn àpòlúkù, wọ́n di ọ̀kan, wọ́n sì wọ inú ẹ̀dọ̀. Bí oníbodè ṣe ń tú ẹrù èrò wò kí wọ́n tó wọ ìlú, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ ń yẹ ohun tí ó ti inú ìfun wá wò kí ó tó dé ọkàn. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹ̀jẹ̀ tí ń wọ ẹ̀dọ̀ ni ó ń gba ọ̀nà yìí.

Ohun tí Galen, oníṣègùn ọmọ Gíríìkì tí ó ṣiṣẹ́ ní Róòmù, fi kọ́ni yàtọ̀. Ó ní oúnjẹ ni iṣan ẹnubodè ń gbé wá, àti pé ẹ̀dọ̀ ni ó ń sọ ọ́ di ẹ̀jẹ̀. Ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ tí wọ́n fi gba èyí gbọ́. Ìwé tí William Harvey kọ ní 1628 lórí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí po nínú ara mi ìpìlẹ̀ rẹ̀, nígbà tí ó sì di 1653, Thomas Bartholin ní Dẹ́nmáàkì kéde pé ìjọba ẹ̀dọ̀ ti parí. Ìbéèrè tí ó kù ni pé, bí ẹ̀dọ̀ kò bá ṣe ẹ̀jẹ̀, kí ni ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ń wá ṣe níbẹ̀?

Glisson kò fi àríyànjiyàn dáhùn. Ó se ẹ̀dọ̀, ó sì ha ẹran ara rẹ̀ dànù díẹ̀díẹ̀, títí àwọn iṣan fi dúró lásán bí igi tí ewé rẹ̀ ti wọ́. Ó tún ti omi wọ inú iṣan ẹnubodè. Omi náà fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò, ó sì jáde sínú iṣan ńlá tí ó lọ sí ọkàn. Báyìí ni ó fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ń la ẹ̀dọ̀ kọjá ni, àti pé iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ ni láti ya òróòro sọ́tọ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ó tún rí i pé awọ ara ẹ̀dọ̀ ń bá àwọn iṣan wọlé láti ẹnubodè, ó sì ń wé iṣan ẹnubodè, iṣan tí ó ti ọkàn wá àti ọ̀nà òróòro pọ̀ dé orí ẹ̀ka wọn tí ó kéré jù.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ ṣì ń tẹ̀lé ẹ̀ka wọ̀nyí. Orí wọn ni Claude Couinaud ní ilẹ̀ Faransé gbé pípín ẹ̀dọ̀ sí apá mẹ́jọ kà ní 1957. Inú iṣan ẹnubodè kan náà ni Theodor Bilharz ti rí kòkòrò tí a fi orúkọ rẹ̀ pe àrùn rẹ̀, ní Kaírò ní 1851. Ẹyin ẹ̀yà kòkòrò yìí tí ń bá ìfun jà, tí ó wà ní Nàìjíríà pẹ̀lú, máa ń há sí ẹ̀ka iṣan ẹnubodè, àpá rẹ̀ a sì mú kí awọ tí Glisson ṣàpèjúwe nípọn. Nígbà tí ẹnubodè bá dí báyìí, tàbí tí ọtí tàbí àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ bá sọ ẹ̀dọ̀ di líle, ẹ̀jẹ̀ a wá ọ̀nà mìíràn gbà: iṣan ọ̀nà ọ̀fun a wú, ó sì lè bẹ́, omi a sì kún ikùn.

Àwọn iṣẹ́ mìíràn

Ní ọdún 1650 ni ìwé rẹ̀ lórí àrùn tí ń tẹ egungun ọmọdé jáde. Ìwé rẹ̀ ìkẹyìn, lórí àpòlúkù àti ìfun, jáde ní 1677. Nínú rẹ̀ ni ó ti sọ nípa ọkùnrin kan tí ó ki apá bọ inú ohun èlò tí omi kún; nígbà tí ọkùnrin náà fún apá rẹ̀ le, omi náà kò ga sókè. Èyí fi hàn pé iṣan tí ó bá fún kì í tóbi sí i. Ọdún yẹn náà ni Glisson kú ní Lọ́ńdọ̀nù.