ÌRÁNTÍ ÌYÁ ÀGBÀ ROMANA DA CONCEIÇÃO

Ẹ̀yin ará wa nínú Krístì, nígbà tí ìjọ bá ń ṣe júbílì, orúkọ àwọn fadá àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù ni a sábà máa ń kọ́kọ́ pè. Ó tọ́, ó sì yẹ. Ṣùgbọ́n àwa tí a wà ní Houinmè mọ̀ pé lọ́wọ́ àwọn ìyá àgbà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ kọ́ bí a ti ń ṣe àmì àgbélébùú. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ rántí ọ̀kan nínú irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn láti Èkó dé Bràsíl: Romana da Conceição.

Pernambuco ní ilẹ̀ Bràsíl ni a ti bí i, ní nǹkan bí àkókò tí òfin 13 oṣù karùn-ún ọdún 1888 fi òpin sí oko ẹrú níbẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira náà, ọkàn ọ̀pọ̀ àwọn àgbà ń fà sí ilẹ̀ tí a ti kó àwọn bàbá wọn lọ. Ní ọdún 1899, ọkọ̀ onígbòkun kan tí à ń pè ní Aliança gbéra ní Bahia. Romana wà nínú rẹ̀, ọmọdébìnrin bí ọmọ ọdún méjìlá. Ìrìn àjò náà pẹ́, ó sì korò. Afẹ́fẹ́ kọ̀ láti fẹ́, àwọn kan sì kú sí ojú òkun láìfojú kan ilẹ̀ tí wọ́n ń wá. Ọdún 1900 ni àwọn tó kù tó gúnlẹ̀ sí Èkó.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò: ilẹ̀ tí àwọn àgbà ń pè ní ilé, ilẹ̀ àjèjì ni fún ọmọ yìí. Síbẹ̀ ó fara mọ́ ọn. Ó gbé láàrin àwọn Àgùdà Èkó, àwọn tí wọ́n jẹ́ ìbátan àwọn Àgùdà Àjàṣẹ́, Ouidah àti Agoué. Ó kọ́ èdè àwọn ará ibẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí èdè Potogí ìgbà èwe rẹ̀ kú sí i lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ yẹ̀. Arúgbó tí ara rẹ̀ yá gágá ni. Ó fẹ́ràn ìtàn, orin àti àríyá àwọn Àgùdà, irú èyí tí àwa ní Àjàṣẹ́ ń rí nínú eré burian lásìkò ọdún Bonfim ní oṣù kìn-ín-ní.

Ní ọdún 1963, nígbà tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó fi ojú ara rẹ̀ rí Bràsíl lẹ́ẹ̀kan sí i. Antonio Olinto, òǹkọ̀wé tí ń ṣojú ìjọba Bràsíl nípa àṣà ní Èkó nígbà náà, wà lára àwọn tí wọ́n mú kí ó ṣeé ṣe. Lẹ́yìn ohun tí ó lé ní ọgọ́ta ọdún, ìyá àgbà náà tún tẹ ilẹ̀ ìbí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó padà sí Èkó. Bí a ti rò ó, ibí yìí ni ògo ayé rẹ̀ wà: kò kọ etí òkun kan nítorí èkejì.

Olinto fetí sí ìyá náà. Láti inú ìtàn ìrìn àjò rẹ̀ ni ó ti rí ìmísí fún ìwé ìtàn-àròsọ rẹ̀, A Casa da Água, tí ó jáde ní ọdún 1969. Bí kò bá sí ẹni tí ó bi ìyá àgbà léèrè, inú ibojì ni ìtàn yẹn ì bá bá a lọ.

Ẹ̀yin ará, èyí ni ó kan wá. Ìyá mélòó ni ó ti inú ìjọ wa lọ, tí a sin pẹ̀lú Misa àti omijé, ṣùgbọ́n tí a kò bi léèrè ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ Krístì? Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Àwọn kan ṣì wà láàyè, wọ́n ń di Rósárì mú ní àwọn ìjókòó iwájú. Ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ bi wọ́n léèrè. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí Olúwa fún Ìyá Àgbà Romana àti gbogbo àwọn ìyá wa tó ti lọ ní ìsinmi lọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí a lè ba àwọn tó kù jẹ oúnjẹ alẹ́ fún ọjọ́ pípẹ́. Àmín.